Bí Ẹ Ṣe Lè Jẹ́ Kí Ẹni Tó Ń Gbá Géèmù RPG Yín Fèsì sí Àtẹ̀jíṣẹ́ Inú Géèmù

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe géèmù RPG, ìyẹn géèmù tí èèyàn ti ń kó ipa ẹ̀dá ìtàn kan, ló mọ bí wọ́n ṣe ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí ẹni tó ń gbá a: lẹ́tà lè wọlé láti ààfin, akéde lè mú ìròyìn wá, fóònù inú géèmù sì lè dún kí ọ̀rọ̀ hàn lójú rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ kí ẹni náà fèsì ni iṣẹ́ máa ń dàrú. Wọ́n á to bọ́tìnì méjì tàbí mẹ́ta sábẹ́ àtẹ̀jíṣẹ́, wọ́n á gbà pé iṣẹ́ ti parí, àfi ìgbà tí wọ́n bá rí i pé èèyàn lè dáhùn àtẹ̀jíṣẹ́ kan náà lẹ́ẹ̀mẹta, pé ẹni tí wọ́n dá lóhùn ń sọ̀rọ̀ bíi pé kò gbọ́ nǹkan kan, tàbí pé bí èèyàn bá pa géèmù tó sì tún un ṣí, gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti sọ ti pòórá.

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹni tó ti ní géèmù tó ń ṣiṣẹ́, tó sì fẹ́ fi èsì kún un láìba ohun tó ti wà nílẹ̀ jẹ́. Èrò kan ló so gbogbo ìgbésẹ̀ inú rẹ̀ pọ̀: ìṣẹ̀lẹ̀ ni èsì jẹ́ nínú géèmù, gẹ́gẹ́ bí ṣíṣí ilẹ̀kùn tàbí pípa ọ̀tá ṣe jẹ́ ìṣẹ̀lẹ̀, nítorí náà géèmù gbọ́dọ̀ rántí rẹ̀.

Ohun tí ẹ nílò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

- Ẹ́ńjìnnì (ohun èlò tí wọ́n fi ń ṣe géèmù) èyíkéyìí tí ẹ ti ń lò, ìbáà ṣe Godot, Unity tàbí RPG Maker. Kò sí ìgbésẹ̀ kan níbí tó dúró lórí ẹ́ńjìnnì kan pàtó. Bí àtẹ̀jíṣẹ́ yín bá máa ní ẹ̀ka púpọ̀, Ink, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń kọ ọ̀rọ̀ ẹlẹ́ka nínú géèmù, tí ilé iṣẹ́ inkle gbé kóòdù rẹ̀ síta lọ́fẹ̀ẹ́ ní 2016, tàbí Yarn Spinner tó jọ ọ́, lè gba ọ̀pọ̀ wàhálà lọ́wọ́ yín.
- Ètò ìfipamọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Bí géèmù yín kò bá tíì lè fi ibi tí èèyàn dé pa mọ́, ẹ ṣe ìyẹn ná.
- Tábìlì kan, nínú sípírẹ́díṣíìtì tàbí fáìlì JSON (fáìlì ọ̀rọ̀ tí géèmù lè kà), tí gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ máa wà.
- Fọ́ǹtì tó lè gbé àmì èdè tí ẹ fi ń kọ géèmù. Ẹni tó ń fi Yorùbá kọ géèmù kò gbọdọ̀ fojú kéré èyí: nínú Unicode, ètò tó ń fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní kóòdù nínú kọ̀ǹpútà, lẹ́tà «ẹ» tó ní àmì lábẹ́ ní kóòdù tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí kóòdù ẹyọ kan fún «ẹ́», kóòdù méjì ni wọ́n máa ń tò pọ̀. Fọ́ǹtì tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń tò wọ́n yóò gbé àmì ohùn sí ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà tàbí kó fi àpótí òfìfo rọ́pò rẹ̀. Ẹ kọ «ọ̀rẹ́» sójú géèmù yín kí ẹ wò ó.
- Ẹnì kan tí kò mọ ìtàn géèmù náà rárá, tó máa bá yín dán an wò nígbẹ̀yìn.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ yan àtẹ̀jíṣẹ́ tó yẹ kó gba èsì

Ẹ kọ gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ sínú tábìlì. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ dáhùn ìbéèrè kan: kí ni ẹni tó fi ránṣẹ́ ń retí lọ́dọ̀ ẹni tó gbà á? Bí kò bá retí ohunkóhun, kò nílò èsì. Ìkéde ọjà, ìròyìn ogun àti ìwé ẹ̀rí pé owó wọlé kò ní ohun tí èèyàn fẹ́ sọ sí wọn.

Ìkìlọ̀: ojúkòkòrò ló máa ń ba ìgbésẹ̀ yìí jẹ́. Àtẹ̀jíṣẹ́ 40 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní èsì mẹ́ta ti di èsì 120, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló sì ń fẹ́ ìdáhùn tàbí àyípadà kan. Bí ìdáhùn náà bá tún mú èsì mẹ́ta wá, ẹ̀ka mẹ́ta á di mẹ́sàn-án, mẹ́sàn-án á di mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, kí ẹ tó kúrò lórí ìfọ̀rọ̀wérọ̀ kan ṣoṣo. Ẹ jẹ́ kí àwọn ẹ̀ka tún pàdé lẹ́yìn ìpele kan tàbí méjì. Àmì ìrántí, ìyẹn ohun tí géèmù kọ sílẹ̀ nípa ohun tí èèyàn yàn, ni kó gbé ìyàtọ̀ náà lọ, kí ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ padà sí ojú ọ̀nà kan.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti yanjú: ẹ fi ìka sí àtẹ̀jíṣẹ́ èyíkéyìí tí ẹ yàn, kí ẹ sì sọ ní gbólóhùn kan ohun tó máa yàtọ̀ nínú géèmù bí èèyàn bá yan èsì kìíní dípò èkejì. Èyí tí ẹ kò bá rí sọ, ẹ yọ èsì rẹ̀ kúrò.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ fún àtẹ̀jíṣẹ́ àti èsì kọ̀ọ̀kan ní orúkọ ìdánimọ̀

Ohun tí àtẹ̀jíṣẹ́ kan gbọ́dọ̀ ní nínú tábìlì ni orúkọ ìdánimọ̀, ẹni tó fi ránṣẹ́, ohun tó gbọ́dọ̀ ti ṣẹlẹ̀ kó tó lè dé, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, àti àwọn èsì rẹ̀. Èsì kọ̀ọ̀kan náà ní orúkọ ìdánimọ̀ tirẹ̀, ọ̀rọ̀ tirẹ̀, ohun tó máa mú kó hàn, ohun tó máa yí padà, àti orúkọ àtẹ̀jíṣẹ́ tó máa tẹ̀ lé e. Ẹ lè pe àtẹ̀jíṣẹ́ kan ní alagbede_irin_01, kí ẹ pe èsì rẹ̀ kan ní alagbede_irin_01_bebe. Lẹ́tà lásán, nọ́ńbà àti ìlà ìsàlẹ̀ ni kí ẹ lò, kí ẹ má fi àmì ohùn sí orúkọ ìdánimọ̀, nítorí pé ọ̀nà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kọ̀ǹpútà lè gbà tọ́jú ọ̀rọ̀ kan náà tó ní àmì, kó sì máa pè wọ́n ní ohun méjì.

Ìkìlọ̀: ẹ má ṣe lo ipò èsì nínú ìlà gẹ́gẹ́ bí orúkọ rẹ̀. Bí ẹ bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé èèyàn yan «èsì 3», tí ẹ wá yọ èsì 2 kúrò lóṣù tó ń bọ̀, gbogbo ẹni tó ti yan ìkẹta á bá ara rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ tí kò sọ.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti yanjú: ẹ yan èsì kan, ẹ fi géèmù pa mọ́, ẹ yí ètò àwọn èsì po nínú tábìlì, kí ẹ tún ṣí i. Èsì tí ẹ yàn gan-an ló gbọ́dọ̀ hàn.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ ṣètò ipò márùn-ún tí àtẹ̀jíṣẹ́ lè wà

Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀ jù lọ, nítorí pé bí mo ṣe rí i, àṣìṣe tó ń yọjú níwájú kì í sábà ju pé ẹnì kan fi «ó ti kà á» àti «ó ti fèsì» ṣe ohun kan náà. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan lè wà ní ipò márùn-ún: kò tíì dé, ó ti dé, wọ́n ti kà á, wọ́n ti fèsì, ó ti kọjá. Kò gbọdọ̀ wà ní méjì lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì gbọdọ̀ padà sẹ́yìn.

Ẹni tó bá ṣí àtẹ̀jíṣẹ́ gbọ́dọ̀ lè kà á kó sì pa á dé láìdáhùn. Ó lè fẹ́ lọ wo àpò rẹ̀ ná, tàbí kó lọ béèrè lọ́wọ́ ẹ̀dá ìtàn mìíràn kó tó mọ ohun tó máa sọ. Géèmù tó bá sé e mọ́ ojú àtẹ̀jíṣẹ́ títí yóò fi yan nǹkan ti sọ ìfọ̀rọ̀wérọ̀ di fọ́ọ̀mù.

Ipò karùn-ún, «ó ti kọjá», ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbàgbé. Ẹ jẹ́ ká sọ pé alágbẹ̀dẹ kan fi àtẹ̀jíṣẹ́ béèrè irin, ẹni tó ń gbá géèmù kò fèsì, ṣùgbọ́n ó gbé irin náà lọ fún un lójúkojú. Bí àtẹ̀jíṣẹ́ náà bá ṣì ń dúró de èsì, ó lè lọ dáhùn lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta pé òun kò tíì rí irin, kí alágbẹ̀dẹ tó ti fi irin náà rọ idà sì máa dárò. Ikú ẹni tó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, píparí iṣẹ́ tó rán an, àti kíkúrò ní ìlú náà pátápátá jẹ́ ìdí tó fi yẹ kí àtẹ̀jíṣẹ́ kọjá. Ẹ jẹ́ kí ó ṣì ṣeé kà, ṣùgbọ́n kí àwọn bọ́tìnì èsì kúrò níbẹ̀.

Nígbà tí èèyàn bá tẹ èsì, ètò tí kóòdù yín gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé nìyí, láìfo ọ̀kankan:

1. Ẹ wò ó bóyá àtẹ̀jíṣẹ́ ṣì wà ní ipò «wọ́n ti kà á». Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ dúró.
2. Ẹ yí ipò rẹ̀ sí «wọ́n ti fèsì», kí ẹ sì kọ orúkọ èsì sílẹ̀.
3. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ ṣe ohun tí èsì náà máa yí padà.
4. Ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ tó tẹ̀ lé e sórí ìlà ìdúró, níbi tó ti máa dúró de ìgbà tó yẹ kó dé.

Ìkìlọ̀: ọ̀pọ̀ ló máa ń ṣe ìkẹta ṣáájú ìkejì. Bí èèyàn bá wá tẹ bọ́tìnì lẹ́ẹ̀mejì kíákíá, owó á wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Pípa bọ́tìnì lójú ẹ̀rọ nìkan kò tó, nítorí pé títẹ̀ kejì lè ti wọlé kí ojú ẹ̀rọ tó yí padà.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti yanjú: ẹ tẹ èsì kan ní ìgbà mẹ́wàá bí ọwọ́ yín ṣe lè yá tó, kí ẹ wá ka ohun tó yí padà. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló gbọ́dọ̀ jẹ́.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ kọ èsì tí èèyàn fẹ́ sọ ní tòótọ́

Èsì méjì sí mẹ́rin tó fún àtẹ̀jíṣẹ́ kan. Ohun tó wà lórí bọ́tìnì ni kó jẹ́ ohun tó máa lọ, lẹ́tà sí lẹ́tà. Nínú Fallout 4, tó jáde ní 2015, ọ̀rọ̀ ṣókí mẹ́rin ló máa ń hàn fún yíyàn, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ̀dá ìtàn máa sọ jáde lẹ́nu gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, nígbà mìíràn ó sì le ju ohun tí ẹni tó yàn án ní lọ́kàn lọ. Àwọn tó ń gbá a ráhùn débi pé àwọn kan nínú wọn fúnra wọn ṣe àfikún tó ń fi odindi gbólóhùn hàn. Ìdí kan wà fún ìyẹn nínú géèmù tí wọ́n gba ohùn sílẹ̀ fún. Nínú àtẹ̀jíṣẹ́ tí èèyàn ń kà, kò sí àwáwí. Ẹyin lohùn, bó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Kí ẹni tó máa fọ́ ẹyin mọ̀ pé ẹyin ló mú lọ́wọ́.

Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí. Alágbẹ̀dẹ kọ̀wé pé: «Ọmọ mi, irin tí mo ní kí o bá mi wá nínú ihò àpáta ńkọ́? Àwọn ọmọ ogun ń dúró de idà wọn.» Èsì tí kò wúlò ni «Ó dáa», «Mo ti gbọ́» àti «Kò burú», nítorí pé ohun kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwọn tó yàtọ̀ síra ní ète nìyí:

- «Mo ti rí i, bàbá. Mo ń mú un bọ̀.» Èyí kò gbọdọ̀ hàn àyàfi bí irin bá wà nínú àpò. Ó máa mú kí ilé alágbẹ̀dẹ ṣí sílẹ̀ lóru.
- «Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ọjọ́ méjì sí i.» Èyí dá gbèdéke tí kò sí tẹ́lẹ̀.
- «Ẹ má bínú, mo ti tà á fún ẹlòmíràn.» Kó hàn bí ó bá ti tà á lóòótọ́ nìkan. Iye tí alágbẹ̀dẹ ń ta idà á lọ sókè.
- «Ta ni àwọn ọmọ ogun náà fẹ́ bá jà?» Ìbéèrè lèyí. Bí wọ́n bá ti dá a lóhùn, kí àwọn èsì tó kù padà wá, nítorí pé kò tíì dáhùn ohun tí bàbá béèrè. Kí ẹ má baà tàpá sí òfin ìgbésẹ̀ 3, àtẹ̀jíṣẹ́ tuntun tó gbé ìdáhùn alágbẹ̀dẹ wá ni kó gbé àwọn èsì mẹ́ta yòókù dání.

Ẹni tó ń fi Yorùbá kọ géèmù ní ànfààní kan àti ìṣòro kan níbí. «Ó» kò ya ọkùnrin sọ́tọ̀ kúrò lára obìnrin, nítorí náà, bí géèmù yín bá jẹ́ kí èèyàn yan akọ tàbí abo fún ara rẹ̀, gbólóhùn yín kò ní yí padà. Ṣùgbọ́n «o» àti «ẹ» máa dà yín láàmú. Bí ẹ̀dá ìtàn náà bá lè jẹ́ ọmọdé nínú ìrìn àjò kan kó sì jẹ́ olóyè nínú òmíràn, ẹ gbọ́dọ̀ kọ ọ̀nà méjì fún èsì kọ̀ọ̀kan, tàbí kí ẹ fi «ẹ» bá gbogbo àgbà sọ̀rọ̀ láìka ipò sí. Ọ̀nà kejì ni èmi máa ń yàn. Olóyè tó bọ̀wọ̀ fún alágbẹ̀dẹ kò ba ìtàn jẹ́.

Dídákẹ́ náà jẹ́ èsì. Ẹ kọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí èèyàn kò bá dáhùn láàárín ọjọ́ mélòó kan nínú géèmù. Ìránnilétí kan ti tó, èkejì á di ìyọnu.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti yanjú: ẹ ka àwọn èsì sétígbọ̀ọ́ ẹnì kan láìka àtẹ̀jíṣẹ́ tó ṣáájú wọn. Bí ó bá lè sọ ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan tó yan èsì wọ̀nyí ń wá, wọ́n yàtọ̀ síra tó.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ fi èsì sójú ẹ̀rọ

Èyí kò le. Kí ọ̀rọ̀ tó wọlé wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, kí èsì tó jáde wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì, bí Persona 5 (2016) ṣe ṣe é nínú fóònù àwọn ẹ̀dá ìtàn rẹ̀, kí èèyàn lè padà wá ka ohun tó sọ. Kí bọ́tìnì ìpadàsẹ́yìn máa jáde láìfi nǹkan ránṣẹ́. Bí géèmù yín bá ń lo páàdì, ẹ má ṣe jẹ́ kí èsì kìíní ti wà ní yíyàn nígbà tí ojú ewé bá ṣí, nítorí pé ìka tó ń sáré ka ọ̀rọ̀ á tẹ̀ ẹ́ láìmọ̀.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti yanjú: ẹ tẹ bọ́tìnì ìtẹ̀síwájú láìdúró láti ìgbà tí ẹ ti ṣí àpótí àtẹ̀jíṣẹ́. Kò gbọdọ̀ sí èsì kankan tó máa lọ.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ mọ ìgbà tí ìdáhùn máa padà dé

Ìdáhùn tó padà dé ní ìṣẹ́jú àáyá kan lẹ́yìn tí èèyàn kọ lẹ́tà sí ìlú tó jìnnà kò ṣeé gbà gbọ́. Ẹ so ó mọ́ ìṣẹ̀lẹ̀ inú géèmù: kó dé nígbà tí ẹ̀dá ìtàn bá sùn, tàbí nígbà tó bá kúrò ní àgbègbè tó wà. Kí ìlà ìdúró má sì jẹ́ kí ohunkóhun wọlé nígbà tí ìjà ń lọ lọ́wọ́ tàbí tí ẹlòmíràn ń sọ̀rọ̀.

Ìkìlọ̀: ẹ má lo aago ẹ̀rọ. Ẹni tó bá pa géèmù tì fún ọ̀sẹ̀ méjì á padà wá bá òkìtì àtẹ̀jíṣẹ́ tó ti gbó, ẹni tó bá sì gbọ́n á sún aago rẹ̀ síwájú. Ìkìlọ̀ kejì ni pé kí ẹ tún wo ohun tó gbọ́dọ̀ ti ṣẹlẹ̀ ní àkókò tí àtẹ̀jíṣẹ́ fẹ́ dé, kì í ṣe ìgbà tí ẹ fi sórí ìlà nìkan. Òkú kì í fèsì, àyàfi bí ìtàn yín bá fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti yanjú: ẹ fèsì sí ẹnì kan, ẹ pa á nínú géèmù, kí ẹ wá sùn. Kò gbọdọ̀ sí ìdáhùn kankan láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ nínú àpótí.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ fi gbogbo rẹ̀ pa mọ́

Fún àtẹ̀jíṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ohun mẹ́rin péré ló yẹ kó wọ fáìlì ìfipamọ́: orúkọ ìdánimọ̀ rẹ̀, ipò tó wà, orúkọ èsì tí wọ́n yàn, àti àkókò inú géèmù. Ẹ fi ìlà ìdúró náà kún un, àti nọ́ńbà ẹ̀yà géèmù. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ inú àtẹ̀jíṣẹ́ pa mọ́. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, àṣìṣe kíkọ tí ẹ tún ṣe lónìí á ṣì máa hàn lójú ẹni tó bẹ̀rẹ̀ géèmù lánàá.

Ìkìlọ̀: bí géèmù bá ṣí, ẹ fi àwọn ohun mẹ́rin náà tún ojú ewé tò, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe tún àyípadà tí èsì mú wá ṣe. Mo jìyà èyí fúnra mi. Nínú géèmù kékeré kan tí mò ń ṣe, èmi ni mo kọ kóòdù tó ń tún ìfọ̀rọ̀wérọ̀ tò nípa yíyan àwọn èsì náà padà lọ́kọ̀ọ̀kan, bíi pé èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ wọ́n. Oníṣòwò kan wà níbẹ̀ tó ń fi ẹyọ wúrà 200 ránṣẹ́ sí ẹni tó bá gbà láti ṣọ́ ẹrù rẹ̀. Ọ̀rẹ́ tó ń bá mi dán an wò kò sọ nǹkan kan. Ó kàn ń ṣí géèmù, ó ń pa á, títí ó fi ra gbogbo ohun ìjà tó wà lọ́jà.

Bí fáìlì ìfipamọ́ bá dárúkọ àtẹ̀jíṣẹ́ tí kò sí nínú tábìlì mọ́, ẹ fi í pa mọ́ lójú èèyàn kí ẹ sì kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ àṣìṣe. Géèmù kò gbọdọ̀ kú nítorí rẹ̀.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti yanjú: ẹ fi pa mọ́ ní ipò márààrún, ẹ ṣí ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ máa ka owó, àpò àti iye ìgbẹ́kẹ̀lé tí àwọn ẹ̀dá ìtàn ní nínú ẹni tó ń gbá géèmù, bí géèmù yín bá ń kà á. Nọ́ńbà kankan kò gbọdọ̀ sún.

Ìgbésẹ̀ 8: Bí ẹ bá fẹ́ kí èèyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ èsì

Ẹ lè fo èyí. Ó wu èèyàn, ó sì ti pẹ́: nínú Ultima IV, tó jáde ní 1985, ẹni tó ń gbá a máa ń tẹ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, bíi NAME tàbí JOB, lẹ́tà mẹ́rin àkọ́kọ́ nìkan sì ni géèmù náà ń wò. Ọgbọ́n yẹn ṣì dára ju kí ẹ gbìyànjú láti lóye odindi gbólóhùn. Ẹ wá ọ̀rọ̀ pàtàkì, kí ẹ sì ní ìdáhùn tó ní ọ̀wọ̀ fún ohun tí ẹ kò mọ̀: «Ohun tí o sọ kò yé mi, ọmọ mi. Ṣé ọ̀rọ̀ irin náà ni?»

Ìkìlọ̀: ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fi àmì sí Yorùbá tí wọ́n bá tẹ̀. Ẹ yọ àmì kúrò lára ohun tó tẹ̀ àti lára ọ̀rọ̀ yín kí ẹ tó fi wọ́n wéra. Ṣùgbọ́n bí àmì bá ti kúrò, «oko», «ọkọ̀» àti «ọkọ́» ti di ọ̀kan, nítorí náà ẹ má ṣe fi méjì lára irú wọn sí ìfọ̀rọ̀wérọ̀ kan náà.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti yanjú: ẹ tẹ ọ̀rọ̀ pàtàkì kan ní ọ̀nà mẹ́rin, pẹ̀lú àmì, láìní àmì, pẹ̀lú lẹ́tà ńlá, àti pẹ̀lú àlàfo níwájú rẹ̀. Ìdáhùn kan náà ló gbọ́dọ̀ padà.

Ìgbésẹ̀ 9: Ẹ gbé e fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n

Ẹ fún ẹni tí ẹ ti wá sílẹ̀ ní géèmù náà, kí ẹ jókòó sẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ má sọ̀rọ̀. Ẹ kọ ibi tó ti dánu dúró, ibi tó ti padà lọ ka ohun tó sọ, àti èsì tó fẹ́ sọ tí kò rí. Ìkẹta yẹn ló níye lórí jù, nítorí pé èsì tí ó kù tí ẹ kò tíì kọ ni. Lẹ́yìn wákàtí kan, ẹ pa ẹ̀rọ kí ẹ bi í léèrè ta ló bá sọ̀rọ̀, kí ló sọ fún un, kí ló sì ti ibẹ̀ jáde. Bí ó bá rántí alágbẹ̀dẹ ṣùgbọ́n tí kò rántí ohun tó dá a lóhùn, ẹ padà sí ìgbésẹ̀ 4. Bí ó bá rántí ohun tó sọ ṣùgbọ́n tí kò rí ohun tó yí padà, ìgbésẹ̀ 1 ni kí ẹ padà sí.